Ọ̀pá Olówó Pọ́ọ́kú àti Ọwọ́ Ọkọ Mi

Alága Táíyé ò mọ ẹja pa, àmọ́ ó mọ iye tí wọ́n ń ta ohun ìpẹja. Òun ni alága àwọn onílé àdúgbò wa ní Mowe. Lójú rẹ̀, mo máa ń kúnlẹ̀, mo sì máa ń pè é ní "ẹ̀yin". Ẹ̀yìn rẹ̀ la wà báyìí, mi ò ní fi "wọ́n" kankan bu iyì kún un.

Ọkọ mi, Nọ́fíù, ń lẹ táyà létí títì márosẹ̀ kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọ lù wọ́n. Apá ọ̀tún tó ń gbé táyà tírélà wá di ohun tí mo ń bá wọn kì bọ ẹ̀wù. Dókítà ní tí wọn ò bá máa lo ọwọ́ náà, á le síbẹ̀. Ó fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kan láti máa tẹ̀. Wọ́n jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pé àwọn kì í ṣe ọmọdé.

Inú fóònù ni ọkọ mi ti rí àwọn òyìnbó tó ń fi ìyẹ́ pẹja: ìyẹ́ adìẹ tí a fi òwú dì mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ kòkòrò, tí wọ́n ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ jù sójú omi. Ojú wọn ò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo lọ ra ata ní ọjà Ifo, mo rí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ láàárín ẹrù òkìrìkà, mo rà á. Owó rẹ̀ ò tó ti bàtà. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sí kòtò ńlá tí àwọn tó ṣe títì ti wa yẹ̀pẹ̀, tí omi ti kún, tí epìyà sì wà nínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti de bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn fúnra wọn. Mo wọ kíṣìnnì lọ, mo sunkún ayọ̀.

Àfi bí Alága ṣe kọjá létí omi. Ó gba ọ̀pá náà, ó fi ìka méjì gbé e bí ẹni gbé òkú eku.

"Nọ́fíù, kí lèyí? Rod kọ́ nìyí jọ̀ọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ gan-an ló nílò original. Tèmi, Canada lọmọ mi ti fi ránṣẹ́. Ìwọ wá lọ gbé òkìrìkà, pẹ̀lú ọwọ́ tó ti rọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀pá dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bọ́tìnnì padà di iṣẹ́ mi.

"Ìyá Muslimah, Alága ò parọ́," lọkọ mi wí.

Inú bí mi débi pé ọbẹ̀ jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Àgbàrá òjò ò lóun ò ní wólé, onílé ni ò ní gbà fún un. Mo lọ kúnlẹ̀ nílé Alága.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá fi tiyín kọ́ bàbá Muslimah. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Orí rẹ̀ wú. Ní Sátidé, ó wọ ẹ̀wù tí àpò kún ara rẹ̀ dé, kò sì sí nǹkan kan nínú àpò kankan. Àwọn tó ń fọ ọ̀kadà létí omi dúró wòran. Ọkọ mi gbé ọ̀pá wọn dání, torí mo ti ní mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹun nílé bí wọn ò bá gbé e.

Alága mú òjé tó ń fa ìwọ̀ rì jáde látinú báàgì ọ̀pá Canada rẹ̀, ó so ó mọ́ okùn, bí gbogbo wa ṣe ń so ó tí a bá ń ju ìwọ̀ sínú odò Ògùn.

"Alága," ọkọ mi rọra sọ, "irú eléyìí ò gba òjé. Okùn yẹn fúnra ẹ̀ ló ń gbé ìyẹ́ lọ. Òjé á bà á jẹ́ fún yín."

"Ta ló kọ́ ẹ? Fóònù? Wò mí níran."

Ó fì í sẹ́yìn, ó fì í síwájú. Òjé fò padà, ó gbá orí ọ̀pá. Ọ̀pá Canada dá sí méjì, òkè rẹ̀ bọ́ sómi. Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín àfi èmi, mi ò sì fi pa mọ́.

"Atẹ́gùn ni," Alága ní. "Ọmọ mi á fi èyí tó wọ́n jù ú lọ ránṣẹ́. Nọ́fíù, mú tìẹ wá ná, kí n fi hàn ẹ́."

Ọkọ mi wo ọ̀pá ọwọ́ wọn. "Ẹ má bínú, Alága. Òkìrìkà ni, kò tó ohun tẹ́ ẹ lè mú dání."

Wọ́n gbé apá ọ̀tún sókè. Wọ́n ju ìwọ̀ náà. Okùn nà gbọọrọ, ìyẹ́ sì rọra balẹ̀ sójú omi. Ẹja kankan ò jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà, ìyẹn ò kàn mí. Ẹja wà lọ́jà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti múra kí n tó jí. Wọ́n ti fo ihò bọ́tìnnì kan, apá kan ẹ̀wù ga ju èkejì lọ. Mi ò tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ la ṣe jọ gba iwájú ilé Alága kọjá.