Ibi Tí A Ti Bó Màlúù Casiano

Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Tacuarembó, bí màlúù bá kú, a kì í jẹ́ kí awọ ẹ̀ ṣòfò. Bó o bá fi í sílẹ̀ fún igún, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni ẹ́. Ohun tó kó bá àna mi Casiano, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nìyẹn.

Màlúù mẹ́sàn-án péré ló ní láyé. Ọ̀kan nínú wọn jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti kú. Ẹ̀jẹ̀ dúdú ń jò nímú ẹ̀, kò sì dì. Mo ránṣẹ́ sí Nélida, dókítà màlúù. Ó ní òun ń bọ̀, pé kẹ́nikẹ́ni má là á o. Ó ní ìhòòhò ni kòkòrò àrùn tó wà nínú ẹ̀ wà. Tá ò bá la màlúù náà, kòkòrò ọ̀hún á bá ẹran jẹrà, ó parí. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá lè kàn án pẹ́nrẹ́n, á gbé ẹ̀wù wọ̀, ẹ̀wù líle tí oòrùn ò lè jó, tí omi ò lè wọ̀, tí ọ̀dá ò lè pa. Á wá sùn sínú ilẹ̀, á máa retí ẹnu màlúù.

Mo sọ fún àna. Ó rọra fa tíì mate ẹ̀ tán, ó wò mí bí ẹni ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kòkòrò wo ló ní télọ̀, àna?"

Ó bó màlúù náà. Èmi náà bá a di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, kí n má parọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, egbò dúdú yọ lọ́wọ́ àna, kò dùn ún rárá. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó yè. A sun òkú màlúù, a da ẹfun sí i, a fi wáyà yí ibẹ̀ ká. Nélida ní ká má yọ wáyà yẹn láyé, ká sì máa gún àwọn tó kù lábẹ́rẹ́ lọ́dọọdún. A gún wọn fún ọdún méjì, a gbàgbé.

Ọdún mọ́kànlá kọjá. Ọ̀dá mú, koríko gbẹ níbi gbogbo, àfi inú wáyà yẹn nìkan ló tutù yọ̀yọ̀. Òpó wáyà kan jẹrà, àwọn màlúù wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan. A lé wọn jáde. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan, láìké. Àna dúró ti èyí tó kú kẹ́yìn, ó ń wo imú ẹ̀.

"Gbogbo ọdún yìí, àwọn kòkòrò yẹn wà níbẹ̀," ló wí. "Ṣé wọ́n ń gbọ́ wa?"

A sun gbogbo òkú màlúù lódindi, a ò bó ìkankan.

Ó ku ẹyọ màlúù kan. Lọ́sọ̀ọ̀sán, á lọ dúró ti wáyà, á máa wo koríko yẹn. Àna náà á lọ dúró tì í, á di ìwo ẹ̀ mú.