Jíìnì Bàbá Fáṣínà

3.

…ife kan péré o. Ife kékeré! Ojú Fọláránmi ti pupa kuku, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti wú, àyà ẹ̀ ń lù kì-kì-kì.

Nílé Bàbá Fáṣínà, apẹja Eleko, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu jíìnì tí Bàbá fọwọ́ ara wọn bù fún un. Bíríkìlà ni Fọláránmi, Sẹ̀gilọlá ló wá fẹ́. Ó mu ún. Káì!

4. OHUN TÍ WỌ́N SỌ

BÀBÁ FÁṢÍNÀ: O ti mutí yó wá látilé.

FỌLÁRÁNMI: Rárá o, Bàbá. Mi ò mutí rí.

BÀBÁ FÁṢÍNÀ: Ojú ẹ ńkọ́? Ọ̀mùtí ò ní fẹ́ ọmọ mi. Dìde.

4½.

Ó dìde.

7. SẸ̀GILỌLÁ, LÓRÍ WHATSAPP

Bàbá mi ní ọ̀mùtí ni ẹ́ 😂😂 Má bínú, mò ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún. Mo ti ní kí Àǹtí Àrínọlá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì bá wọn sọ̀rọ̀.

8. FÓÌSÌ NÓÒTÙ ÀǸTÍ ÀRÍNỌLÁ SÍ BÀBÁ FÁṢÍNÀ

"Ẹ gbọ́ o, Bàbá. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá wa fọ́ ọtí sí wẹ́wẹ́. Oró ló kọ́kọ́ máa ń dà, kó tó wá di ohun tí ò léwu. Ara àwọn kan ò lè tètè borí oró yẹn. Bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn, àjogúnbá ni. Wọ́n á kàn tọ́ ọ wò, ojú á pupa. Ọmọ yẹn ò mutí wá! Ara ẹ̀ ni ò gba ọtí."

9. ÈSÌ

Àjogúnbá? Ó dáa. Kó mú bàbá ẹ̀ wá ní Sátidé, kóun náà tọ́ jíìnì mi wò. Tójú ẹ̀ bá pupa, mo gbà.

10.

Yéè!

11. TA NI BÀBÁ FỌLÁRÁNMI?

Díákónì Akínọ̀ṣọ́. Abraham Adésànyà Estate. Àwọn ló máa ń lu agogo kiri ní ìdájí: "Ọtí ń pani!" Wọn ò fi ọtí kan ẹnu rí.

12.

DÍÁKÓNÌ: Èmi?

FỌLÁRÁNMI: Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹnu kan péré.

DÍÁKÓNÌ: Ta ló rán mi níṣẹ́ ọmọ bíbí! … Ṣé o fẹ́ràn ẹ̀ gan-an?

FỌLÁRÁNMI: Gan-an, sà.

DÍÁKÓNÌ: Wọ bàtà ẹ.

13.

Wọ́n gba ẹsipirẹ́sì láti Ajah lọ sí Eleko.

Fóònù dún. Àǹtí Àrínọlá: *Ẹ dúró o! Ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ló ti jogún ẹ̀.*

Ìyá Fọláránmi ti di olóògbé. Wọ́n sì ti dé ẹnu ọ̀nà.

15.

Díákónì gbàdúrà lé ife lórí. Àdúrà náà gùn. Wọ́n dijú. Wọ́n gbé e mì.



Gbogbo ilé na ọrùn.

Fọláránmi ò gbàdúrà rí láyé ẹ̀ pé kí bàbá òun jọ ọ̀mùtí. Lónìí, ó ń gbà á kíkankíkan.

BÀBÁ FÁṢÍNÀ: Díákónì, ẹ lajú.