Lẹ́tà Tí Kò Dé Dublin

"Níbo ni lẹ́tà máa ń wà tí kò bá dé ibi tí wọ́n rán an sí?"

Anti Ọ̀ṣúnkẹ́mi ló béèrè nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn tó ń bá a ránṣọ ń tẹ maṣíìnì wọn lọ. Èmi náà tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tó wà lórí itan mi, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Aṣọ àwọn aláṣọ funfun ni Anti ń rán ní Òkòkòmáìkò. Láti Àjàngbádì títí dé Ọ̀tọ̀-Àwórì, àwọn ìjọ mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní báyìí, ìjọ kan ní Dublin fẹ́ fi òróró yan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò rán aṣọ wọn. Lọ́jọ́ Àìkú ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó láti mú télọ̀ kan. Anti ti kọ ímeèlì sí wọn, wọn ò rí i. Nígbà tí ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan nínú ìjọ náà ní kí wọ́n wo inú àpótí spam, níbi tí ẹ̀rọ máa ń da lẹ́tà tí kò fọkàn tán sí, wọ́n bá a níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti kọ ìkìlọ̀ sí i lórí pé kí wọ́n ṣọ́ra. Alága ìgbìmọ̀ ní ó jọ iṣẹ́ gbájúẹ̀. Tí lẹ́tà tuntun bá wọlé bó ṣe yẹ kí ọjọ́ Àìkú tó dé, á dára. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, télọ̀ mìíràn ló ní iṣẹ́ náà.

"Gbájúẹ̀," ni Anti tún sọ. "Èmi ọmọ Ògúntádé!"

Ìdí nìyẹn tó fi ránṣẹ́ pè mí láti Ìyànà-Ìbà, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo sì ń tún fóònù ṣe. Kò tíì pẹ́ tí mo jáde yunifásítì, ara mi kì í sì í gbélẹ̀ tí mo bá ti gbọ́ pé nǹkan kan ò yé ẹnikẹ́ni.

Mo ti ṣàlàyé fún un. Ní ẹnu ọ̀nà gbogbo àpótí ímeèlì, ẹ̀ṣọ́ kan wà tó máa ń bi lẹ́tà léèrè ọ̀rọ̀. Ta ló gbé ọ wá, ṣé ẹni tó ni ọ́ ló rán an? Ohun tó ń dáhùn ìyẹn là ń pè ní SPF. Èdìdì ara rẹ ńkọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ò tíì tú u lójú ọ̀nà? DKIM nìyẹn. Tí ìdáhùn rẹ bá sì kùnà, kí ni ẹni tó ni ọ́ ní ká fi ọ́ ṣe? Ìyẹn ni DMARC. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ sí abẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó pé pérépéré. Síbẹ̀, lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ sí àpótí èmi fúnra mi láti dán an wò lọ sùn sínú spam.

Mo dijú. Mo rí àwọn lẹ́tà Anti bí wọ́n ṣe ń jáde lọ. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọn ò wọ bàtà, wọ́n ń rìn lórí omi ẹ̀yìn Ọ̀jọ́ bí ẹni ń rìn lórí ẹní, òórùn tùràrí sì ń tẹ̀ lé wọn. Omi náà gùn, kò mì. Ní ìlú tútù kan, wọ́n dé ẹnu géètì. Ẹ̀ṣọ́ ka orúkọ wọn, ó fọwọ́ pa èdìdì wọn, ó mi orí pé kò sí àléébù. Lẹ́yìn náà ló rọra na ọwọ́ sí yàrá kékeré kan tó ṣókùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, wọ́n sì ń wọ ibẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láìjanpata. Mo bi í pé kí ni wọ́n ṣe. Kò wò mí. Ẹ̀yìn mi ló ń wò, bí ẹni pé ẹni tó mọ̀ dúró síbẹ̀.

"Ó ti sùn," ni ẹnìkan wí.

Tàíbátù ni, ọmọ onílé, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ti Anti.

"Mò ń ronú ni, ẹ̀gbọ́n."

"Tó bá jẹ́ báyìí ni wọ́n ń ronú ní yunifásítì, ológbò mi ti di ọ̀jọ̀gbọ́n."

Àwọn aránṣọ rẹ́rìn-ín. Anti ò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú fóònù.

"Òní lọjọ́ kìíní oṣù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi àdúrà oṣù tuntun ránṣẹ́ sáwọn èèyàn mi. Ọlọ́run á la ọ̀nà Dublin."

"Lórí WhatsApp ni?" mo bi í.

"Lórí ímeèlì ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà."

"Àwọn wo, Anti?"

"Gbogbo wọn! Ẹni tó ránṣọ, ẹni tó kàn béèrè iye tí kò padà wá, àwọn tó kọ orúkọ sílẹ̀ nígbà ìsọjí, ẹbí wọn tó wà lókè òkun. Ṣé wọ́n máa ń ṣa èèyàn yàn fún àdúrà ni? Oṣooṣù ni, mi ò fò ó rí."

Tàíbátù pàtẹ́wọ́. "Ẹ ṣáà yọ tèmi kúrò, Anti. Ọmọ Àlàájì ni mí, ẹ ń fi Sáàmù jí mi lóṣooṣù. Mo pa á rẹ́ títí, ó tún ń bọ̀. Jùmọ̀kẹ́ ọmọ mi ló ní kí n máa tẹ spam sí i."

"Ìwọ Tàíbátù! Àdúrà mi lo tẹ spam sí?"

"Ṣé èmi nìkan ni? Mojísọ́lá oníbàtà náà ń tẹ̀ ẹ́. A kì í fi tipátipá ṣàdúrà féèyàn."

Ó wá yé mi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn máa ń gbọ́ bí aládùúgbò bá ń ṣàròyé. Bí ẹni púpọ̀ bá ti tẹ bọ́tìnnì spam kékeré yẹn, gbogbo lẹ́tà tó bá ti ilé náà jáde di ẹni ìfura, ìbáà ní èdìdì ọba lára. Mo ti yẹ èdìdì wò, mo ti yẹ ọ̀nà wò. Mi ò béèrè rí ohun tí Anti ń fi ránṣẹ́, àti ẹni tó ń rán an sí.

Ìka Anti ti wà lókè bọ́tìnnì tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Àwọn aránṣọ ti dá maṣíìnì dúró, wọ́n ti la ẹnu sílẹ̀ de àmín.

"Anti, ẹ jọ̀ọ́," mo wí, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ má tẹ̀ ẹ́."