Awò Tí Kì Í Ya Fọ́tò

Ìrọ̀lẹ́ ló ń da Bàbá Aláago láàmú, kì í ṣe òru. Tó bá dòru, oorun á gbé e lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún aago ṣe, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti ṣaláìsí, àárín ìgbà tó bá jẹun tán sí ìgbà tó máa sùn gùn ju odindi ọ̀sán lọ.

Ìdí nìyí tó fi sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, pé òun fẹ́ ra awò ìràwọ̀, èyí tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run láti ẹ̀yìnkùlé. Inú ọmọ dùn. Ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́ jìnnà, ó sì ti pẹ́ tó ti wálé gbẹ̀yìn. Ó ní kí bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, òun á bá a yan án lórí fóònù.

Bí wọ́n ṣe dé ìdí káńtà nìyẹn: bàbá, olùtajà, àti ojú ọmọ nínú fóònù tí bàbá gbé ti páálí kan.

"Èyí tó wà lápá òsì yẹn ni, Bàbá mi," ni ọmọ wí. "Mo ti kà nípa rẹ̀."

Olùtajà gbé e síwájú. Ó funfun, ó ń dán, kò sì ní ibi tí èèyàn ń yọjú sí rárá. "Ẹ kàn tẹ orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ rí sórí fóònù yín, Bàbá. Á fúnra rẹ̀ wá a rí, á sì ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ jókòó sí pálọ̀ yín."

"Tó bá wá a, tó rí i, tó tún yà á, iṣẹ́ wo ló kù fún mi? Kí n máa ṣọ́ ọ kí olè má gbé e?"

Olùtajà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ kò rẹ́rìn-ín. "Fọ́tò yẹn á máa wọlé sórí fóònù tèmi náà níbí. Ohun tí ẹ bá rí ni èmi náà á rí. Kò ní dà bíi pé mo jìnnà."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún bàbá níbi tí ọmọ ò rí. Ó wo ẹ̀rọ funfun náà bí ẹni ń wo àna tí kò fẹ́ràn. Bí fọ́tò bá ń lọ bá ọmọ lálaalẹ́, kí ló tún fẹ́ wá wò nílé?

Ó nawọ́ sí ọ̀kan tó gùn gbọọrọ lẹ́yìn olùtajà. "Ìyẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn ò ní bátìrì o. Ọwọ́ lẹ máa fi yí i kiri. Ẹ lè fi wákàtí kan wá ẹyọ ìràwọ̀ kan."

"Wákàtí kan?" Ojú bàbá là. "Bá mi dì í."

"Bàbá!"

"Ìyá mi, jọ̀ọ́, jẹ́ n ra ohun tí mo fẹ́."

Olùtajà fi ẹsẹ̀ mẹ́ta tó máa dúró lé kún un, àti ojú awò méjì, ọ̀kan tó ń fi nǹkan hàn ní fífẹ̀, ọ̀kan tó ń fà á súnmọ́ni. Ó tún fi gíláàsì dúdú tí kì í jẹ́ kí òṣùpá ta ojú sí i. Nígbà tó mú ohun tí wọ́n fi ń so fóònù mọ́ ojú awò wá, bàbá dá a padà kíákíá bí ẹni pé ó gbóná.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó gbé e kalẹ̀ láàárín okùn aṣọ àti ògiri. Òṣùpá kò tíì ju ìlàjì lọ. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, òrùlé aládùúgbò ló ń rí. Lójijì, ojú awò funfun báláú. Ó rí kòtò, ó rí òkè, ó rí òjìji òkè tó nà gbalaja sórí ilẹ̀ tí koríko kan ò sí.

"Wá wò ó!" ló kígbe, ó sì yẹra sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹlòmíì lè ráyè. Aṣọ tó sá sórí okùn nìkan ló mì.

Fóònù dún.

"Bàbá, ṣé ẹ ti rí nǹkan?"

"Òṣùpá ni. Ó sún mọ́ mi bí ẹni pé kí n fọwọ́ kàn án."

"Ẹ gbé fóònù sí i kí n rí i."

Ó gbé e sí i, torí ọmọ lọmọ ń jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ lásán ló hàn.

"Mi ò rí nǹkan kan. Mo sọ fún yín! Ṣé kí n ní kí wọ́n bá yín pààrọ̀ rẹ̀?"

"Rárá."

"Báwo lèmi ṣe máa wá rí i?"

"Wàá fi ojú ara rẹ wò ó."

Bàbá ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń bá ọmọ ṣiṣẹ́ nínú fóònù, àti ilẹ̀kùn kan tó ń ṣí tó ń pa dé.

"Torí ẹ̀ lẹ ṣe kọ èyí tó dáa sílẹ̀?" Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Bàbá tún tẹjú mọ́ ojú awò.

"Ó dáa, ìgbà wo ni òṣùpá yẹn dùn ún wò jù?" ni ọmọ béèrè.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an ni. Olùtajà ti sọ fún un pé tó bá ti kún, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á pa gbogbo òjìji yẹn rẹ́.

"Ìgbàkígbà tí o bá dé," ni bàbá wí.

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́…" Ẹnìkan pè é lọ́hùn-ún. "Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀," ló fi dá ẹni náà lóhùn.

Bàbá Aláago yára gé fóònù, kó má baà jẹ́ pé ọmọ ló máa gé e.