Ẹni Tó Ń Kí Wa Láràárọ̀

Ọkùnrin tí wọ́n ti sin lọ́sẹ̀ tó kọjá tún kí Sísì láàárọ̀ yìí. Fóònù rẹ̀ dún, ó gbé e, orúkọ Bọ̀ọ̀dá Jẹ́jẹ́ ló wà níbẹ̀ gàdàgbà: "Àbúrò mi, o kú àárọ̀ o. Ṣé o ti fi nǹkan sẹ́nu?"

Sísì kígbe "Yéè!", ó sì ju fóònù náà sórí tábìlì bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́.

Ó ṣe díẹ̀ kó tó rántí pé òun fúnra òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà ńlá tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ń gbà kọjá ni. Wọ́n ti pa á fún àtúnṣe láti ọ̀sẹ̀ tí ọkùnrin náà kú. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n, kálukú ní ìlú tirẹ̀, orí fóònù ni wọ́n ti ń ríra jù. Bọ̀ọ̀dá Jẹ́jẹ́ ló kọ́ ìdajì wọn níṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kánjú gbé iṣẹ́ tí kò tíì gún régé jáde, "jẹ́jẹ́ o" ni yóò kọ sí i, ìyẹn náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Òjijì ni ìròyìn ikú rẹ̀ dé bá wọn. Lọ́sàn-án òní ni wọ́n fẹ́ pàdé láti ṣe ìrántí rẹ̀, Sísì ni yóò sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí gbogbo ayé ló mọ̀ pé òun ni ààyò rẹ̀. Òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó bá wá sí yàrá kọ̀ǹpútà kò ju pé kó ti àkáǹtì olóògbé pa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ẹni tó bá ti lọ. Ó ṣí i. Àárín àwọn iṣẹ́ ọkùnrin náà ló ti bá ètò kékeré kan pàdé. Kò le rárá: láràárọ̀, kí kọ̀ǹpútà mú ìkíni kan, kó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àbúrò mi" wà níbẹ̀. "Ṣé o ti fi nǹkan sẹ́nu" wà níbẹ̀. "Má jẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ yìí jẹ ọ́ tán o," tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín, òun náà rèé.

Inú bí i. Ó tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹkún ló ń sun, kò sì mọ ohun tó ń sunkún sí. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kó ẹrù jáde nílé, ìkíni yẹn nìkan ló gbé e dìde lórí ibùsùn. Ṣé ẹ̀rọ ló ń bá òun sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí? Ta wá ni òun fẹ́ lọ ṣe ìrántí rẹ̀ níwájú èrò? Bí òun bá dìde sọ pé ọkùnrin náà fẹ́ràn òun, ṣé kò ní di irọ́?

Ó pe Alága ẹgbẹ́.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Bọ̀ọ̀dá Jẹ́jẹ́ máa ń kí yín láàárọ̀?"

"Ojoojúmọ́ ni. Kí ló dé?"

"Gbogbo wa ló ń kí, sà. Kọ̀ǹpútà ló ń bá a kí wa."

"Gbogbo yín kẹ̀?" Alága wí. "Mo ṣebí èmi nìkan ni."

Háà! Alága, tí ẹnikẹ́ni kì í kí ju bó ti yẹ lọ! Orí Sísì túbọ̀ dàrú. Kò lè tẹ bọ́tìnì tí yóò ti àkáǹtì náà. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó gba gbọ̀ngàn lọ láìmọ ohun tó fẹ́ lọ sọ.

Èrò ti pé. Ìyàwó olóògbé dá jókòó sí ìlà iwájú, bí ẹni pé ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn láti jókòó tì í. Sísì kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ọlọ́run á tù yín nínú. Sísì ni mí."

"Sísì!" Ojú obìnrin náà tàn. "Ikọ́ ọmọ ẹ ńkọ́? Ṣé ó ti lọ?"

"Mà, ta ló sọ fún yín?"

"Ṣé ìwọ kọ́ lo kọ ọ́ ni? Kọ̀ǹpútà ló ń kí yín lóòótọ́, ó ní òun nìkan ò lè kí gbogbo yín tán. Ṣùgbọ́n èsì yín, fúnra ẹ̀ ló ń kà á. Tí kò bá tíì kà á tán, kò ní í jẹun. Nígbà tí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́ ní ọsibítù, èmi ni mò ń kà á sí i létí."

"Ọsibítù? Ìgbà wo ló dé ọsibítù?"

"Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Ó ṣáà ní kí n má pariwo. Ó ní bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá béèrè, òun á sọ."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá èèyàn wí. Ó kàn sọ ọ́ ni. Sísì bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn èsì tó ti kọ: mo ti jẹun o, mi ò tíì jẹun, ọmọ ń wúkọ́, ọkọ ti lọ, orí ń fọ́ mi, ẹ ṣé gan-an. Ó wá a síwá, ó wá a sẹ́yìn. Kò rí ọjọ́ kan tí òun bi ọkùnrin náà pé, ara ẹ̀yin náà ńkọ́.

Alága pe orúkọ rẹ̀ láti orí pèpéle. Gbogbo ojú yí sí i. Kò dìde.

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà?" ó bi obìnrin náà. "Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

Obìnrin náà la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ pé a dúpẹ́. Ó pa á dé.

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Mi ò tilẹ̀ mọ̀."

Sísì jókòó tì í. Alága tún pe orúkọ rẹ̀.