Kí Ohùn Wọn Má Baà Já

Ìyá Ètò ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pe obìnrin tó ń bójú tó nẹ́tíwọ̀kì wọn, orúkọ náà sì bá a mu wẹ́kú. Òun ló so ìwé pupa kan kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì, pẹ̀lú báírò tí ó fi okùn dè mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má baà jí i. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin sínú swíìṣì, ì báà jẹ́ fún wákàtí kan péré, gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀: orúkọ rẹ̀, ìdí tó fi kọ ọ́, àti ọjọ́ tí yóò pa á rẹ́. Ó ti bá ènìyàn mẹ́ta fa wàhálà lórí ìwé náà. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ sunkún.

Àwọn swíìṣì tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a lè fọwọ́ kàn. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbé, iṣẹ́ wọn sì ni láti júwe ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ àti àwòrán tó ń lọ láti yàrá kan sí èkejì, bí ẹni tó dúró ní oríta. Ọ̀gá kan wà lórí wọn, òun náà kì í ṣe ènìyàn, Olùdarí ni wọ́n ń pè é. Bí ọ̀nà kan bá bàjẹ́, Olùdarí á kọ òfin tuntun fún gbogbo swíìṣì kíá, wọn á gba ọ̀nà mìíràn, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago mẹ́sàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń gbẹ́ kòtò lẹ́yìn ọgbà já wáyà ọ̀nà kìíní, èyí tó fẹ̀ jù nínú ọ̀nà méjì tí ilé ìwòsàn ní. Olùdarí kó gbogbo nǹkan gba ọ̀nà kejì. Ilé ìpoògùn ń ṣiṣẹ́, yàrá ìforúkọsílẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Inú Ìyá Ètò ń dùn ṣìnkìn, ó ti ń ronú bí òun yóò ṣe ròyìn rẹ̀ fún ọ̀gá àgbà, ni fóònù bá dún.

Nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù kẹrin ni. "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ẹ̀rọ tí àwọn aláìsàn wa fi ń rí ará ilé wọn ò gbé àwòrán, kò gbé ohùn. Ẹ dákun, ẹ tètè bá wa wò ó. Aago mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ gbé bàbá kan lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ọ̀fun wọn ni."

"Ṣé wọ́n á lè sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀?"

"Rárá o. Gbogbo ibi tí ohùn ti ń jáde ni wọ́n máa yọ. Ọmọ wọn obìnrin wà lókè òkun, ó ti jókòó dè wọ́n láti òwúrọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé fóònù ọwọ́ kì í mú níbí."

Ìyá Ètò mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìsàlẹ̀ ilé ni wọ́ọ̀dù kẹrin wà, ògiri rẹ̀ nípọn nítorí yàrá X-ray tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá tó bí i lọ́mọ lo ọjọ́ mẹ́tàlélógún níbẹ̀, kí wọ́n tó kú.

Bí nọ́ọ̀sì ṣe dárúkọ wọ́ọ̀dù kẹrin ni ara ti fu ú. Kí n má tan yín, ó mọ̀. Inú rẹ̀ ti sọ fún un, ṣùgbọ́n ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó sọnù níbi tí kò sọ ọ́ nù sí.

Ó bi Olùdarí. Olùdarí ní wọ́ọ̀dù kẹrin ti wà lórí ọ̀nà kejì, kò séwu. Ó yẹ ọ̀nà kejì wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò rí àléébù kankan. Ó rán Oníwáyà, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, sí ìsàlẹ̀ pé kó lọ yọ wáyà ẹ̀rọ náà kó tún un kì bọ̀ ọ́. Oníwáyà lọ, ó bọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Wáyà dáa, mà. Iná ẹ̀ ń ṣẹ́jú."

"Ṣé o yọ ọ́ lóòótọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, mà." Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe pé ẹnì kan fọwọ́ kọ nǹkan sínú swíìṣì wọn? Irú ẹ̀ ni Olùdarí kì í rí."

"Wo inú ìwé."

Oníwáyà ṣí ìwé pupa, ó fi ìka tọ ojú ewé náà wálẹ̀. "Kò sí nínú ìwé."

"Tí kò bá sí nínú ìwé, kò sí níbì kankan. Lọ pààrọ̀ wáyà yẹn."

Ọkùnrin náà tún sọ̀ kalẹ̀ lọ fún iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì mọ̀ pé kò wúlò. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà nígbà tí Ìyá Ètò ṣí swíìṣì wọ́ọ̀dù kẹrin níkẹyìn.

Swíìṣì a máa gbọ́ràn sí òfin tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù lọ. Ọgọ́rùn-ún ni nọ́ńbà gbogbo òfin Olùdarí. Òfin kan jókòó lókè wọn pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta, ó ní kí gbogbo ìpè láti wọ́ọ̀dù kẹrin gba ọ̀nà kìíní, kó má gba ibòmíràn. Iye ìpè tó ń gbà ń gòkè níwájú rẹ̀ bó ṣe ń wò ó. Gbogbo ohun tí bàbá yẹn ń sọ ń wọnú wáyà tó já, ó ń ṣègbé síbẹ̀. Lábẹ́ òfin náà, ó rí ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ: "Fún Màámi. Kí ohùn wọn má baà já."

Ìkókó ló ń tọ́ lọ́wọ́ nílé nígbà náà, wọn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n gbé ìkókó wọ wọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ yẹn ló fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn wọn a sì máa já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, gbólóhùn kan kì í délé tán. Ìdí nìyẹn tó fi la ọ̀nà tó fẹ̀ jù fún wọn, tó fún òfin náà ní nọ́ńbà tí ohunkóhun kò lè borí. Ojú tì í láti kọ ọ́ sínú ìwé tí òun fi ń dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Nígbà tí wọ́n kú, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣí i láti pa á rẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pa á dé. Ó ń ṣe é bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ṣì lè pè.

Ó ka ọ̀rọ̀ náà. Ó tún un kà. Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, kò tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó máa gbójú sókè wo aago, mẹ́wàá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó tẹ̀ ẹ́, òfin náà parẹ́, fóònù sì dún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ó ti dé, Àǹtí," nọ́ọ̀sì sọ. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àmọ́ wọ́n ti gbé Bàbá lọ. Dókítà dúró díẹ̀, kò lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn ń dúró de yàrá iṣẹ́ abẹ."

Ìyá Ètò sọ̀ kalẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo, ibi tí orí bàbá náà wà ṣì tẹ̀ wọnú ìrọ̀rí. Lójú ẹ̀rọ, obìnrin kan tó wọ kóòtù nínú ilé ń tẹ̀ síwájú.

"Bàámi? Bàámi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Ìyá Ètò jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ má bínú. Wọ́n ti gbé wọn wọlé."

Obìnrin náà fà sẹ́yìn díẹ̀. "Kí ló bàjẹ́?"

"Àwọn tó ń gbẹ́ kòtò ló já wáyà." Ọ̀rọ̀ náà ì bá tó, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. "Rárá, èmi ni. Mo kọ òfin kan síbẹ̀ nígbà tí màmá mi wà ní wọ́ọ̀dù yìí, kí ohùn wọn má baà já. Nígbà tí wọ́n kú, mi ò lè pa á rẹ́. Òun ló dí bàbá yín lọ́nà. Mo sì ti mọ̀ látàárọ̀, mo kàn ń wá ibòmíràn kiri ni."

Obìnrin náà wò ó títí. Kò bú u, Ìyá Ètò ì bá fẹ́ kó bú u.

"Màmá yín," ló wá sọ. "Ṣé ẹ gbọ́ ohùn wọn?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Kò já?"

"Kò já. Títí wọ́n fi sùn."

Obìnrin náà mi orí, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Kò pa ìpè náà, Ìyá Ètò kò sì dìde. Ọ̀nà ti là gbọọrọ báyìí. Ó ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ ketekete láti òkè òkun, kò já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.