Ilé Tí Búrẹ́dì Ti Jáde

Ní abúlé wa ní Burgundy, nílẹ̀ Faransé, ọdọọdún ni ère Vincent Mímọ́, alábòójútó àwa olóko àjàrà, máa ń kúrò nílé kan bọ́ sí ilé tó kàn. Lọ́dún yìí, ilé wa ló kàn. Láti kékeré ni Anselme ọkọ mi ti ń retí rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àìsàn ọdún méjì, ó kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún gan-an, Fulgence, olórí ẹgbẹ́ àwa olóko àjàrà, dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, kò ṣí fìlà. Ó ní ilé tí kò ní ọkùnrin kò lè gba ẹni mímọ́, pé ilé Gaspard àna òun ni ère ń lọ. Ó ní kí n má bínú.

Kí n má bínú kẹ̀? Òfin ẹgbẹ́ ni pé bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, kí àwọn yòókù bá a gé ẹ̀ka àjàrà rẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n wá sóko Anselme. Wọ́n mu wáìnì wa, wọn ò padà mọ́. Èmi ni mo ń bẹ̀rẹ̀ gé e nínú òtútù tí ọwọ́ mi fi là. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ọkùnrin nígbà yẹn.

Mo gbé búrẹ́dì tí mo ti yan. Mo gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Fulgence ti gbàgbé búrẹ́dì. Ilé tí yóò gba ère ló ń yan búrẹ́dì ẹlẹ́yin tí Fadá ń súre sí, búrẹ́dì náà ló sì ń ṣáájú ère délé. Tèmi nìkan ló wà níwájú pẹpẹ.

Nígbà tí ìsìn parí, Fulgence ní kí àwọn tó gbé ère yà sọ́nà ilé Gaspard. Léontine, tí ère ti wà nílé ọkọ rẹ̀ láti èṣí, gbé àwo búrẹ́dì náà.

“Bàbá Fulgence, ta ló yan èyí?”

“Ìyàwó Anselme ni, ṣùgbọ́n…”

“Ó dáa. Kí ìyàwó Gaspard gbé tirẹ̀ jáde, ká jọ rí i.”

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Gaspard ń wo bàtà ara rẹ̀. Léontine yà sọ́nà ilé mi, àwọn tó gbé ère sì tẹ̀lé búrẹ́dì, bí àwọn baba wọn ti ń ṣe.

Mo gbé ẹni mímọ́ ka orí pákó tí Anselme ti kàn dè é, mo sì bu wáìnì fún gbogbo wọn. Fulgence tọ́ ọ wò, ó dijú.

“Anselme mà mọ wáìnì í ṣe o.”

Mo gba ife lọ́wọ́ rẹ̀.

“Orí ibùsùn ni Anselme wà nígbà tí a ká èso yìí,” ni mo wí. “Èmi ni mo ṣe é. Ẹ lọ mu ti ilé tó ní ọkùnrin.”